Aṣọ́lé Tí A Lé

Ní ọdún 1998, nígbà tí Super Eagles ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdíje àgbáyé ní Faransé dé, mo gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ aṣọ́lé wa lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Oǹdó, mo sì ní kó máa lọ. Èmi ni kápútẹ́nì. Owó tí a dá jọ la fi ra ìbọ̀wọ́ náà ní ìsọ̀ òkirikà, nítorí náà mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ náà pé ohun ìní ẹgbẹ́ ni mo gbà padà. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí n tó lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu. Fíìmù aláwàdà kan ló fà á jáde.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ tó lórúkọ nínú ìwé ìjọba kankan. Àwa ọmọ àdúgbò la kóra jọ: ọmọṣẹ́ kápẹ́ńtà, ọmọ ilé ìwé, ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní Yábà ti Oǹdó, àti tíṣà kan tó jẹ́ àgbà gbogbo wa. Láàárín ọ̀sẹ̀, mọ́ńkì póòsì la ń gbá lẹ́yìn ilé. Ní àárọ̀ Sátidé la máa ń gbá ti àgbà, tí a ó ri ọparun méjì mọ́lẹ̀, tí a ó gbé ọ̀kan dábùú wọn lórí, láìsí àwọ̀n. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, ọmọdé kan ló máa sáré lọ hú u jáde nínú oko ẹ̀gẹ́.

Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ni aṣọ́lé wa. Ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ tán nínú epo ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í yọ́ bọ́ nínú ọwọ́ náà. Dodo Mayana la sọ ọ́, orúkọ tí gbogbo Nàìjíríà fi ń ki Peter Rufai tó ń ṣọ́lé fún orílẹ̀-èdè wa nígbà yẹn. Bó bá ti fò, àwọn ọmọdé etí pápá á gbé orúkọ náà sókè, òun náà á sì dìde nínú eruku pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni pé etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́tà kan ló bà á jẹ́. Ẹnì kan nínú wa ń wá ọṣẹ nínú báàgì aṣọ́lé wa, ó bá lẹ́tà pàdé, tí ọmọkùnrin kan kọ sí i láti Iléṣà. Kò sí ìsọkúsọ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń béèrè bóyá orúnkún rẹ̀ tó bó ti jinná. Ó ní òun ń ka ọjọ́ tí àwọn yóò tún fojú rí ara wọn, ó sì pè é ní olólùfẹ́ òun. Wọ́n ka lẹ́tà náà sókè lórí pápá. Ọjọ́ náà ni Dodo Mayana dópin. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é láti ìgbà náà, àwọn ọmọdé etí pápá sì kọ́ orúkọ tuntun náà kíákíá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn kan ní àwọn ò ní bọ́ sí pápá bí ó bá wà lójú ilé. Wọ́n yíjú sí mi. Mo rìn lọ bá a. Kò bá mi jiyàn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó kó o pọ̀ méjèèjì, ó sì fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń dá ohun tó yá padà.

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní yunifásítì FUTA ló mú fíìmù náà wá nínú fláàṣì. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ wo eléyìí, ẹ ó rẹ́rìn-ín." Fíìmù Jámánì ni, Sherry Hormann ló darí rẹ̀ ní 2004. Männer wie wir ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn Àwọn Ọkùnrin Bíi Tiwa. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Guys and Balls ni. Kì í ṣe owó Hollywood ni wọ́n fi ṣe é, ó sì hàn bẹ́ẹ̀: ìlú kékeré kan, ilé oníbúrẹ́dì, pápá, àti àwọn òṣèré tí mi ò mọ ojú wọn rí. Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìtàn dá lé ni Ecki. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni, aṣọ́lé ni fún ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀.

Nígbà tí mo rí i pé aṣọ́lé ni, mo dá fíìmù náà dúró, mo lọ mu omi.

Bọ́ọ̀lù kan kọjá lára Ecki nínú ìdíje tó yẹ kó gbé wọn lọ sí ìpele òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń fẹnu ko ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n lé e. Ó gba ìlú Dortmund lọ, ó sì ní òun yóò kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jọ tí gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn yóò sì padà wá bá ẹgbẹ́ ìlú òun gbá a. (Mo wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi pè wọ́n nínú èdè wa. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, èébú ni. Èyí tí wọ́n ń lò nígboro Àkúrẹ́, hómò, òkò ni, ẹni tó bá sọ ọ́ mọ̀ pé òkò lòun sọ. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni mo ń kọ nítorí pé kò ju ohun tó jẹ́ lọ.)

Ibi tí Ecki ti ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ni ẹ̀rín pọ̀ sí. Àwọn tó rí, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Mẹ́ta wọ aṣọ awọ láti òkè dé ilẹ̀. Bí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá bọ́ọ̀lù dúró ni wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Mo kọ́kọ́ ń retí pé ìfẹ́ wọn ni fíìmù náà máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí mo mọ̀ nílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n àìmọ̀-ọ́n-gbá wọn ló ń pani lẹ́rìn-ín: ẹni tó ń fẹnu gbá bọ́ọ̀lù ju ẹsẹ̀ lọ, ẹni tí bàtà rẹ̀ dára ju eré rẹ̀ lọ, ẹni tí kò lè sáré ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má di ìhà mú. Mo mọ gbogbo wọn. Mo ti bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní Oǹdó ní ọ̀pọ̀ àárọ̀ Sátidé.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa Yorùbá, nítorí pé àgbà ni wá nínú àwàdà. Ẹ rántí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, pẹ̀lú táì gbàǹgbà àti gíláàsì ojú rẹ̀. Ahun ni nínú eré, òpùrọ́ ni, owó òjijì ló ń wá káàkiri. Síbẹ̀, àárín wa ló ń jókòó sí. Nínú Ọ̀run Móoru, fíìmù rẹ̀ ti ọdún 1982, oníjìbìtì gba gbogbo ohun tó ní, ó sì wá ikú lọ. Ikú kọ̀ ọ́, ó ní àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn tó fẹ́ kí Bàbá Sàlá má padà wá sílé. Ẹ̀rín tí mo ń sọ nìyí.

Ẹ̀rín mìíràn wà tí àwa náà mọ̀ dáadáa. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ ó rí àwọn aláwàdà òde òní, ọkùnrin tó wé gèlè, tó dé wíìgì, tó ń fi ìdí rìn. A ń wò wọ́n, a ń fi ránṣẹ́ sí ara wa. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n gbé àbá òfin kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá pé kí ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin di arúfin. Àbá náà sì yọ ti orí ìtàgé àti eré ìdánilárayá sílẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń sọ ni pé kó pa wá lẹ́rìn-ín, kó má sì gbé láàárín wa. Èyí burú lójú mi ju ìkórìíra tí kò fi ara pamọ́ lọ.

Òfin tí àbá yẹn fẹ́ kún ni èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2014. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí òfin tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ ara wọn níṣu-lọ́kà. Díẹ̀ ló mọ apá kejì rẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá fi orúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó bá ń darí rẹ̀, tàbí tó bá ń bá wọn ṣe é. Ẹ gbé Ecki àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Dortmund, kí ẹ gbé wọn sí pápá kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, pẹ̀lú jẹ́sì àti bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Aṣọ́lé, agbẹ́yìn, ẹni tó ń gbé omi wá fún wọn, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Fíìmù tó ń pa àwọn ará Jámánì lẹ́rìn-ín, ìwé ẹ̀sùn ni níbí.

Wọ́n á ní àṣà wa ni òfin náà ń dáàbò bò. Mo ka ìtàn òfin tó ṣáájú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wọlé, nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún wa, a sì ń pè é ní abala 214 títí di òní. Àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí tú tiwọn palẹ̀ ní 1967.

Ní 1967 yẹn, ọmọ Yorùbá kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Orúkọ rẹ̀ ni mo ń gbọ́ nínú orí mi láti ìgbà tí fíìmù náà ti parí. Fashanu ni wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n sì ń pè é bí orúkọ tí kò ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n etí Yorùbá gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: Fáṣànú, Ifá ṣàánú. Ilé tó bá ń jẹ́ orúkọ yìí, ilé tó tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ifá, tó sì rí i gbà ni. Hackney, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti bí Justin Fáṣànú ní oṣù kejì 1961. Lọ́yà ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ọmọ Guyana ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì túká, ilé àwọn ọmọ tí kò ní alábòójútó, ti Barnardo's, ni òun àti àbúrò rẹ̀ John bá ara wọn, kí tọkọtaya òyìnbó kan ní Norfolk tó gbà wọ́n tọ́.

Ní oṣù kejì 1980, Norwich, ẹgbẹ́ tí Justin ń gbá fún, gba Liverpool lálejò. Bọ́ọ̀lù bá Justin níbi tó ti kẹ́yìn sí ojú ilé. Ó fi ẹsẹ̀ kan jù ú sókè díẹ̀, ó yí padà, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a lófuurufú láti ọ̀nà jíjìn, aṣọ́lé kàn ń wò ó ni. BBC yàn án ní góòlù tó dára jù lọ ní sáà náà. Norwich pàdánù 5-3 lọ́jọ́ yẹn, góòlù yẹn nìkan làwọn ènìyàn sì ń rántí. Ọmọ ọdún 18 ni.

Ní 1981, Nottingham Forest san mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lé e lórí. Kò sí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti san iye bẹ́ẹ̀ lé lórí rí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀, Brian Clough, gbọ́ pé ó ń lọ sí ilé ọtí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, kò sì jẹ́ kó bá àwọn yòókù gbára dì mọ́. Clough fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Eré Justin kò padà sípò mọ́ bó ṣe wà ní Norwich. Ẹgbẹ́ kan á gbà á, òmíràn á tún gbà á. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 1990, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lójú ewé ìwé ìròyìn The Sun, òun sì ni agbábọ́ọ̀lù olówó iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. John, àbúrò rẹ̀, tó ti gba ife FA pẹ̀lú Wimbledon, kọ̀ ọ́ ní gbangba. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni John tó jáde sọ pé òun kábàámọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì lè dé etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún 1998, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní Amẹ́ríkà, ẹ̀sùn tí ó sọ nínú ìwé tó fi sílẹ̀ pé kì í ṣe òótọ́, Justin gbẹ̀mí ara rẹ̀ nínú gáréèjì kan ní Shoreditch. Ọmọ ọdún 37 ni. Kò sí ẹni tó dá a padà lójú ọ̀nà bí ikú ṣe dá Bàbá Sàlá padà.

Oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn náà ni mo gba ìbọ̀wọ́ ní Oǹdó. Mi ò tíì gbọ́ nípa ikú rẹ̀ nígbà náà. Bí mo bá tilẹ̀ gbọ́, mi ò rò pé ìgboyà mi ìbá pọ̀ sí i, nítorí pé ọmọ ogún ọdún ni mí, ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló sì tóbi jù láyé mi.

Láti 1990, ọdún 32 ló kọjá kí ọkùnrin olówó iṣẹ́ mìíràn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: Jake Daniels ti Blackpool, ní oṣù karùn-ún 2022, ọmọ ọdún 17. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í gbowó kò dúró dè é. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá Stonewall FC sílẹ̀ ní 1991, ẹgbẹ́ gidi irú èyí tí Ecki ń kó jọ nínú fíìmù. Ní Brighton, wọ́n fi orúkọ Justin pe ẹgbẹ́ kan. Àjèjì ló pariwo Fáṣànú létí pápá níbẹ̀.

Nílé ńkọ́? A ní Sunshine Stars ní Àkúrẹ́, a sì ní Sunshine Queens. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ni ìfura pé ẹnì kan ń fẹ́ irú ara rẹ̀ ti pọ̀ jù lọ nílẹ̀ wa, tí wọ́n fi ń wo irun gígẹ̀ àti ìrìn àwọn ọmọge bí ẹni ń wo ìdọ̀tí. Ní 2011, kí Super Falcons, ikọ̀ obìnrin orílẹ̀-èdè wa, tó lọ sí ìdíje àgbáyé ní Jámánì, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, Eucharia Uche, sọ fún oníròyìn Amẹ́ríkà pé òun ti fi àdúrà àti àwọn oníwàásù gbógun ti ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin nínú ikọ̀ náà. FIFA pè é bá a sọ̀rọ̀. Mo ń rò ó bí ọmọbìnrin kan yóò ṣe di bàtà rẹ̀ ní yàrá ìmúra, kí ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti gbàdúrà lé e lórí bí ẹni pé ẹ̀mí òkùnkùn ni.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Nàìjíríà ti ń gbìyànjú. Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim àti Pamela Adie ṣe fíìmù kékeré kan nípa obìnrin méjì, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n sì fi sọ ọ́, Ìfẹ́. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Àbújá kìlọ̀ ẹ̀wọ̀n fún wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti gbé e jáde. Ní 2023, fíìmù Babátúndé Apálowó nípa ọkùnrin méjì ní Èkó gba àmì ẹ̀yẹ Teddy ní Berlin. Inú mi dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ni wọ́n kún fún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí nǹkan ṣe rí nìyẹn. Èyí tí mo ń retí ni ọjọ́ tí ẹnì kan á gba kámẹ́rà yíyá, á kó àwọn òṣèré tí kò lórúkọ jọ sí pápá kan ní Oǹdó, á sì fi àwọn ọkùnrin wọ̀nyí pa wá lẹ́rìn-ín bí Bàbá Sàlá ṣe pa wá lẹ́rìn-ín, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní fẹ́ kí wọ́n má délé.

Lẹ́yìn tí mo wo fíìmù náà, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Ní Òwèènà mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò, kí n má baà lọ lọ́wọ́ òfo, mo sì lọ kí tíṣà tó jẹ́ àgbà ẹgbẹ́ wa. Ó ti fẹ̀yìn tì, alàgbà ni nínú ìjọ wọn. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ rántí aṣọ́lé wa?"

Ó ní, "Èwo nínú wọn?" Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. "Dodo."

"Òun ni, sà."

Ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nílẹ̀ títí. Ó ní, "Àbúrò, mi ò lè sọ fún ọ pé ohun tó ń ṣe dáa. Ìjọ mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ kan ṣoṣo la lò fún ọmọ yẹn."

Mo ní, "Bọ̀dá, èmi ni mo gba ìbọ̀wọ́."

Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi ni àgbà. Mo jókòó, mò ń wò ọ́."

Kò sẹ́ni nínú wa tó mọ ibi tó wà. Ẹnì kan ló sọ nígbà kan pé òun rí i ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, tó ń ta ẹ́ńjìnnì, tí ara rẹ̀ le. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá a kàn kí ọkàn mi lè balẹ̀. Bí ó bá ka èyí fúnra rẹ̀, kó mọ̀ pé aṣọ́lé tó dára jù lọ tí ẹgbẹ́ wa ní ni, mo sì tọrọ àforíjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọmọ jọ sí pápá ní àárọ̀ Sátidé, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ kan tí wọ́n ń fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pè, ẹ pe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ pè é sókè, kí etí pápá gbọ́. Kí ẹ sì fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.